Orí Kẹsàn-án: Ìgbànú Ìjókòó àti Ẹni tó Jókòó sí Àyè Ẹrù

Nínú gbogbo àwọn tó ń wọkọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù ni ẹni tí kò jókòó sórí àga rárá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun ni lébìrà tó gun orí àpò kòkó lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù láti oko bọ̀ wá sí Ìjerò. Òun ni ìyá tó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Èrìnjíyàn, tó sì jókòó ti ọjà rẹ̀ nínú lọ́rì títí ó fi dé Adó. Òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó rọ̀ mọ́ gẹdú lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà tó wà nínú agbada típà, àti ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó ká ẹsẹ̀ jọ sínú bùútù Sienna nítorí pé ìjókòó ti kún.

Bí a bá ń kọ́ àwọn ènìyàn ní òfin ìgbànú ìjókòó, ẹni tó wà níwájú ọkọ̀ la sábà máa ń bá wí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí kò ní àga kò lè ní ìgbànú, nítorí náà ibi tí ènìyàn jókòó sí ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Nínú orí yìí a ó ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì, a ó wo bí ìgbànú ṣe ń ṣiṣẹ́, a ó gbé òfin yẹ̀ wò, a ó sì béèrè ẹni tó ni ẹjọ́ nígbà tí wọ́n bá kó òṣìṣẹ́ sórí ẹrù.

9.1 Àyè èrò àti àyè ẹrù

Àyè èrò ni apá ọkọ̀ tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà pèsè fún ènìyàn. Àga tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀yìn àga wà tó gbé ẹ̀yìn àti ọrùn dúró, ilẹ̀kùn tó ń tì gbọn-in wà, òrùlé irin wà lókè, ìgbànú sì wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àyè ẹrù ni gbogbo ìyókù: bùútù, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, bọ́dì lọ́rì, agbada típà, àti òkè ọkọ̀ níbi tí wọ́n ń so ẹrù mọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí bùútù, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ọkọ̀ náà ni bùútù wà, pé òrùlé sì bò ó. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òde òní mọ̀ọ́mọ̀ ṣe iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó lè rún wọlé nígbà ìkọlù. Irin tó ń rún yẹn ló ń gba ipá ìkọlù sára, kí ààrin ọkọ̀, níbi tí àga wà, má baà fọ́. Ọmọ tí wọ́n fi sínú bùútù wà nínú apá tí a ṣe kí ó lè rún gan-an. Bí ọkọ̀ mìíràn bá kọ lù wọ́n láti ẹ̀yìn, ara ọmọ náà ló máa kọ́kọ́ gba ìkọlù náà, kí ó tó kan ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀.

Àwọn kan máa ń gbé bẹ́ǹṣì onígi sínú bùútù tàbí kí wọ́n ní kí wẹ́dà jó àga mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Àga tí kò sí nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, tí ẹnikẹ́ni kò sì dán wò, yóò já kúrò pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Àyè ẹrù ni ibẹ̀ ṣì jẹ́.

9.2 Bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Kò sí ẹni tó lè lóye ọ̀rọ̀ yìí láì mọ bọlẹ̀kájà. Láyé àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà, lọ́rì tí wọ́n ń pè ní bọlẹ̀kájà ni ọkọ̀ èrò ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á ra iwájú àti férémù lọ́rì, káfíńtà á sì fi pákó kan bọ́dì sí i. Wọ́n á to pákó ìjókòó sí ẹ̀yìn, èrò á jókòó kojú ara wọn, ẹrù á wà láàrin ẹsẹ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó Èkìtì ṣe ń gba Ẹ̀fọ̀n kọjá lọ sí Iléṣà àti Ìbàdàn, àwọn tó ni kòkó sì wà lórí rẹ̀. Mi ò dá àwọn ará ìgbà náà lẹ́bi. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n wọ̀, kò sì sí ìgbànú nínú ọkọ̀ kankan tí wọ́n lè rí.

Ní 1959 ni Nils Bohlin, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ń bá ilé iṣẹ́ Volvo ṣiṣẹ́, ṣe ìgbànú tó gba èjìká àti ìbàdí kọjá, èyí tí a ń lò dòní. Volvo fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ yòókù láti lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia ló kọ́kọ́ fi òfin mú àwọn awakọ̀ àti èrò láti máa lò ó, ní 1970. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wà ní ìjókòó iwájú títí di 31 January 1983, wọ́n sì jà á ní àjàpẹ́ nílé aṣòfin wọn kó tó kọjá. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn kan rò pé àwa nìkan ni òfin yìí nira fún.

Ní tiwa, ojú ọ̀nà tí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n àti Àrámọ̀kọ ń gbà lọ sí Ìbàdàn ló bí ètò ààbò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ń ṣòfò láàrin Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, títí kan ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni níbẹ̀ nígbà náà, kò dákẹ́ lórí rẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Ní February 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FRSC, Ṣóyínká sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́.

9.3 Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara nígbà tí ọkọ̀ bá dúró

Isaac Newton kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1687 pé ohun tó bá ń rìn yóò máa rìn lọ bó ṣe ń rìn, àfi bí nǹkan kan bá dá a dúró. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sáré bẹ́ẹ̀: awakọ̀, àpò kòkó, ọmọ ọwọ́, fìlà tó wà lórí ẹsẹ̀ bàbá àgbà. Táyà nìkan ni bíréèkì ń mú. Kò mú ẹni tó jókòó sórí àpò. Bí ọkọ̀ bá kọ lu igi tó sì dúró, ẹni náà ṣì ń sáré kìlómítà 60 lọ síwájú, títí tí nǹkan kan yóò fi dá òun náà dúró. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú orí yìí kò ju èyí lọ: kí ni yóò dá a dúró, báwo ni yóò sì ṣe yá tó?

Àpẹẹrẹ kìíní. Kìlómítà 60 ní wákàtí kan jẹ́ mítà 16.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fẹ́ mọ ibi gíga tí nǹkan gbọ́dọ̀ ti jábọ́ kó tó ní irú eré bẹ́ẹ̀, a ó sọ eré náà di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sì pín in sí 19.6. Ìdáhùn rẹ̀ súnmọ́ mítà 14. Ní eré kìlómítà 80, ó di mítà 25. Ní 100, ó di mítà 39.

Ọ̀pẹ tó ga tó mítà 14 kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè wa. Ẹ bi ẹlẹ́mu tó ń gùn ún bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló fi dì í mú. Yóò sọ fún yín pé igbà ni. Igbà yí ọ̀pẹ ká, ó yí ẹ̀yìn òun náà ká, òun sì fara tì í, kí ọwọ́ lè ráyè ṣiṣẹ́. Kò sí ẹlẹ́mu tó mọṣẹ́ tí yóò ní kí òun gun ọ̀pẹ láìsí igbà nítorí pé ọ̀pẹ yẹn kò jìnnà sílé. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 60 láìsí ìgbànú ti gun irú ọ̀pẹ yẹn, kò sì mú igbà dání.

Àpẹẹrẹ kejì. Ènìyàn kan wọn kìlógíráàmù 60. Ọkọ̀ tó wọ̀ ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ó kọ lu ògiri afárá, iwájú rẹ̀ sì rún wọlé ní ìdajì mítà kó tó dúró. Bí ẹni náà bá de ìgbànú, òun àti ọkọ̀ jọ ń dúró díẹ̀díẹ̀ ni, láàrin ìdajì mítà yẹn. A ó sọ eré náà, ní mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó fi ìdajì ìwọ̀n ẹni náà sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì pín in sí ìdajì mítà yẹn. Ipá tó bá ara rẹ̀ súnmọ́ Newton 16,700, bí ìgbà tí ẹrù kìlógíráàmù 1,700 bá tẹ̀ ẹ́. Ó pọ̀, yóò sì dun ún, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí àti àyà lè gbà á fún ìwọ̀nba àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀. Bí ẹni náà bá wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù láìsí ìgbànú, ọkọ̀ ti dúró tán kó tó fò kọ lu irin ẹ̀yìn orí ọkọ̀. Irin yẹn kì í rún. Ẹran ara rẹ̀ nìkan ló ń rún, bóyá ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe: ipá náà di ìlọ́po mẹ́wàá, tó súnmọ́ Newton 167,000. Kò sí ara tó lè gba èyí.

Àwọn èrò máa ń sọ pé, "Mo di irin mú gidi." Nínú àpẹẹrẹ wa, ipá tó ń fa ẹni tó de ìgbànú síwájú jẹ́ ìlọ́po 28 ìwúwo òun fúnra rẹ̀. Ọwọ́ kò lè di èyí mú, ì báà jẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ìyá tó gbé ọmọ kìlógíráàmù 10 sórí itan rò pé òun lè dì í mọ́ra. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ọmọ náà á wúwo bí kìlógíráàmù 280, ìyẹn àpò kòkó mẹ́rin àbọ̀. Ọmọ á já gbà lọ́wọ́ ìyá, kì í ṣe nítorí pé ìyá kò fẹ́ràn rẹ̀ tó. Bí ó bá pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, tí ẹ̀yìn ìyá sì kọ lu nǹkan, ara ìyá ló máa tẹ ọmọ.

Ẹ tún rántí ẹrù. Àpò kòkó kan lé ní kìlógíráàmù 60. Ẹni tó jókòó síwájú àpò 10 nínú bọ́dì lọ́rì ní ohun tó ju kìlógíráàmù 600 lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń sáré bákan náà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí òun bá kọ lu pákó iwájú, àpò wọ̀nyẹn ń bọ̀ lẹ́yìn. Gẹdú burú ju kòkó lọ, nítorí pé gẹdú kì í rọ̀ mọ́ ara. Ó ń yí, ó sì ń gún.

9.4 Bí ìgbànú ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìgbànú ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Ó so ènìyàn mọ́ ọkọ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ dúró. Ó pín ipá náà sórí egungun tó le jù lára wa, ìyẹn egungun ìbàdí, igi àyà àti egungun èjìká. Ó sì ń dá ènìyàn dúró sínú ọkọ̀. Ìkẹta yìí ni àwọn ènìyàn kò kà sí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ awakọ̀ pé ó sàn kí ènìyàn lè fò jáde. Ẹni tí ọkọ̀ bá fọ́n síta ń balẹ̀ sórí ọ̀dà, sórí àpáta, tàbí sí ibi tí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ yóò gbókìtì lé. Bí iná tàbí omi bá sì dé, ẹni tí ìgbànú kò jẹ́ kí orí rẹ̀ fọ́ ló máa ní làákàyè láti tẹ bọ́tìnì kó sì jáde.

Bí a ṣe ń dè é ṣe kókó. Apá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ikùn, lórí egungun ìbàdí. Bí ó bá wà lórí ikùn, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ni yóò gba ipá náà. Aláboyún á fi sí abẹ́ oyún, apá òkè á sì gba àárín ọmú méjèèjì kọjá. Apá òkè gbọ́dọ̀ wà lórí èjìká. Ẹni tó bá gbà á sábẹ́ apá ti sọ ọ́ di ohun tí yóò ṣẹ́ ìhà rẹ̀. Ènìyàn méjì kò gbọ́dọ̀ lo ìgbànú kan. Ọmọdé tí ìgbànú àgbà ń há lọ́rùn nílò àga ọmọdé, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ni kó jókòó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìgbànú lè dín ewu ikú kù títí dé ìdajì fún awakọ̀ àti ẹni tó wà níwájú, ó sì lè dín in kù títí dé ìdá mẹ́rin fún àwọn tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹni ẹ̀yìn tí kò de tirẹ̀ kò fi ewu mọ sórí ara rẹ̀ nìkan: nígbà ìkọlù, ó lè fi orí àti orúnkún ti ẹni iwájú pa.

Ní ti àyè ẹrù gan-an, ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2000 wo àwọn tó kú lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ewu ikú tó wà fún ẹni tó wà lẹ́yìn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni tó wà ní ìjókòó iwájú. Bí ẹni iwájú bá de ìgbànú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù lọ ni ibi tí ọkọ̀ kò ti kọ lu nǹkan kan rárá: ọkọ̀ kàn yà lójijì, tàbí ó bọ́ sí kòtò, ẹni ẹ̀yìn sì já bọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bọ̀ wá sójú ọ̀nà tiwa.

9.5 Ojú ọ̀nà wa

Òkè ni ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti Àrámọ̀kọ gba Èrìò lọ sí Ìta-Awúrẹ, tó sì gba ibẹ̀ gun Ẹ̀fọ̀n lọ sí apá Iléṣà, mọ bí ọ̀nà ṣe ń lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀nà Òkèmẹ̀sí náà rí bẹ́ẹ̀. Láti Àrámọ̀kọ sí Ìkògòsì, kọ́nà kò gbẹ́yìn ara wọn. Kí á wá mẹ́nu ba ọ̀nà oko, níbi tí amọ̀ pupa máa ń yọ̀ bí ọṣẹ lẹ́yìn òjò.

Àpẹẹrẹ kẹta. Ọkọ̀ kan ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ó sì yà ní kọ́nà tí ìdajì ìbú òbìrí rẹ̀ jẹ́ mítà 50. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60 jókòó sórí ẹrù. A ó sọ eré náà, ní mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó pín in sí mítà 50, a ó sì fi ìwọ̀n ẹni náà sọ ọ́ di púpọ̀. Ó tó Newton 230, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń fi ẹrù kìlógíráàmù 23 tì í jáde láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó wà lórí àga ní ìgbànú, ó ní ilẹ̀kùn tó lè fara tì. Ẹni tó wà lórí àpò ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí kò ga tó orúnkún rẹ̀, bí àpò bá ti ga, kò tilẹ̀ ní ìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa pé awakọ̀ inú àpẹẹrẹ yìí kò sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Kìlómítà 50 ni òfin gba mọ́tò láyè láti sá nínú ìlú.

Ẹrù gíga tún máa ń gbé ìwúwo ọkọ̀ sókè, tí ọkọ̀ á fi rọrùn láti dojú dé ní kọ́nà. Ènìyàn mẹ́fà lórí ẹrù ju kìlógíráàmù 350 lọ, gbogbo rẹ̀ sì wà lókè pátápátá. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ẹrù àti ènìyàn ń fà sẹ́yìn sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí okùn tàbí wáyà nìkan dì mú nígbà mìíràn. Nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, bíréèkì tí awakọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tó mọṣẹ́ fi máa ń wọ jíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Awakọ̀ náà kì í rí àwọn tó wà lẹ́yìn, kì í sì í gbọ́ igbe wọn. Ọkọ̀ lè rìn jìnnà kó tó mọ̀ pé ẹnì kan ti já bọ́.

9.6 Òfin

Òfin tó dá FRSC sílẹ̀ lákọ̀tun ní 2007 ka àìde ìgbànú sí ìrúfin, ó sì ka àpọ̀jù ẹrù tàbí èrò sí ìrúfin mìíràn. Ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ ní ìwé tí orúkọ àwọn èrò wà nínú rẹ̀. Òfin kan náà ní kí a fìyà jẹ ilé ìwòsàn tó bá kọ̀ láti gba ẹni tó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ará ilé yín mọ èyí. FRSC ti ń kìlọ̀ léraléra pé kí ọkọ̀ ẹrù má ṣe kó ènìyàn, kí a má sì da ènìyàn, ẹran àti ẹrù pọ̀ sínú ọkọ̀ kan.

Ìkìlọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn. Ní 8 September 2024, ọkọ̀ epo kan àti ọkọ̀ ẹrù kan tó kó èrò àti màlúù kọ lu ara wọn ní agbègbè Agaie, Ìpínlẹ̀ Niger. Iná sọ. Ó kéré tán, ènìyàn 48 ló kú, màlúù sì jóná pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní láti sin ọ̀pọ̀ nínú wọn pa pọ̀. Ẹni tó bá wà láàrin màlúù kì í sí nínú ìwé èrò kankan, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nílé kì í sì í mọ ọkọ̀ tó wọ̀. Ní ìgbà ìsémọ́lé Kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ fojú ara wa rí bí àṣà náà ṣe gbilẹ̀ tó, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ń dá ọkọ̀ ẹrù padà ní ibodè nítorí àwọn èrò tó sá pamọ́ sáàrin ẹrù.

9.7 Ta ló ni ẹjọ́?

Níbi yìí èmi àti àwọn ìwé kan kò gbọ́ra yé. Àwọn ìwé náà á kọ ọ́ pé kí èrò má ṣe gùn ún, wọ́n á sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Lébìrà tó ti ro oko láti òwúrọ̀, tí ilẹ̀ ti ń ṣú bá ní kìlómítà mẹ́jọ sí Ìjerò, tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, tí ọ̀gá sì ní "Ẹ gun ẹ̀yìn, ká máa lọ", kò ní ipò tó lè fi sọ pé rárá. Òun ló mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀la wà lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn. Ẹni tó gba ọkọ̀ ni ẹni tó ní agbára àti yàn: olóko, agbaṣẹ́ṣe, oníkùsà, ẹni tó ń ṣe òkú tó ń kó àwọn ọ̀dọ́, olóṣèlú tó ń kó wọn lọ síbi ìpolongo. Owó mọ́tò ìkejì ni wọ́n fi pamọ́, ewu rẹ̀ sì wà lórí ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ná owó ọkọ̀.

Nítorí náà ìgbà tí wọ́n ń ṣètò iṣẹ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà jáde. Bí olóko bá fẹ́ kó kòkó àti òṣìṣẹ́ 10 lọ́jọ́ kan náà, kí ọkọ̀ ẹrù lọ pẹ̀lú awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í lórí àga, kí bọ́ọ̀sì sì kó àwọn yòókù. Bí owó kò bá tó, kí píkọ́ọ̀pù tí ó ní àga ẹ̀yìn lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì Àrámọ̀kọ tàbí Ìjerò lè pinnu pé bùútù kì í ṣe ìjókòó, kí wọ́n sì dá ọkọ̀ tó bá ta bùútù fún èrò dúró kó tó jáde. Kí wọ́n tún fa ìgbànú tí àwọ̀ àga ti bò mọ́lẹ̀ jáde, nítorí nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì wa, ìgbànú wà níbẹ̀. Wọ́n kàn jókòó lé e lórí ni.

Àwọn èrò náà ní tiwọn láti ṣe. Àṣà tó dára ni àdúrà tí a máa ń gbà nínú ọkọ̀ kó tó gbéra. Kí a tó ṣe Àmín, kí olúkúlùkù ti de ìgbànú rẹ̀, kí ẹni tó gbé àdúrà náà sì bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí kò ní àga.

9.8 Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Ẹ pe 122, nọ́ńbà FRSC tí kò gba owó, tàbí 112. Ẹ fi ẹ̀ka igi tàbí àmì onígun mẹ́ta sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè rí i, pàápàá ní kọ́nà. Ẹ má ṣe di ẹni tó já bọ́ láti orí ẹrù mú ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láti gbé e kí ẹ tó mọ bí ọrùn rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá jábọ́ láti òkè lè ti ṣẹ́ egungun ẹ̀yìn, gbígbé e ní ìgbékúgbèé sì lè sọ ọ́ di arọ. Bí iná kò bá sí, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má mì. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ẹ ka iye ènìyàn, ẹ sì bi àwọn tó lè sọ̀rọ̀ léèrè pé mélòó ni wọ́n, nítorí ẹni ẹ̀yìn ọkọ̀ lè wà nínú igbó níbi tí ojú kò tó. Láti apá Ìjerò, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì súnmọ́. Láti apá Àrámọ̀kọ, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Ọkọ̀ kan ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Ṣe ìṣirò ibi gíga tí nǹkan gbọ́dọ̀ ti jábọ́ kó tó ní irú eré yìí. Ǹjẹ́ o lè fò láti irú ibi bẹ́ẹ̀ kí orí rẹ sì kọ́kọ́ balẹ̀?

2. Tún àpẹẹrẹ kejì ṣe fún ẹni tó wọn kìlógíráàmù 75 nínú ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Ṣírò ipá náà fún ẹni tó de ìgbànú àti ẹni tí kò dè é.

3. Nínú àpẹẹrẹ kẹta, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ipá tó ń ti èrò jáde bí awakọ̀ bá dín eré kù sí kìlómítà 25? Ṣàlàyé ìdí tí kò fi dín kù sí ìdajì.

4. Pẹ̀lú olùkọ́ rẹ, lọ sí gáréèjì tó súnmọ́ iléèwé yín. Nínú bọ́ọ̀sì 10, ka iye ìjókòó, iye ìgbànú tó wà, àti iye tó ń ṣiṣẹ́. Kọ ohun tí o rí sílẹ̀ ní ojú ewé kan, kí o sì fún alága gáréèjì ní ẹ̀dà kan.

5. Àwọn òṣìṣẹ́ 12 ń lọ sí oko tó jìnnà tó kìlómítà 9 sí ìlú yín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ìkórè. Béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àdúgbò rẹ, kí o sì ṣètò ìrìn wọn láìsí ẹni tó jókòó sí àyè ẹrù. Kọ iye tí olóko yóò san, àti bí yóò ṣe rí owó náà.